Ìfé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Sú

Ní abà Ìdí-Ayin tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, kò sí ọdẹ tó mọ ipasẹ̀ ẹran tó ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́dìran. Àbùkù kan ló ní: ó fẹ́ràn ìyìn jù. Ẹ ṣáà ti pè é ní akọni, ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló máa ṣe.

Lọ́jọ́ kan, Fọlárìn tó ń ya fíìmù nípa ẹranko gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá láti ìlú. Ó fẹ́ fi hàn pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló fi ẹsẹ̀ tọ ẹtu fún ọjọ́ mẹ́ta. Irọ́ gbáà ni. Èmi ni wọ́n ní kí n máa na koríko láti òdìkejì, kí n lé ẹtu wá síwájú kámẹ́rà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ, àwa ọdẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn ní òfin kan. Bí koríko bá mì, a óò kọ́kọ́ súfèé kí a tó yìnbọn. Bó bá jẹ́ èèyàn, á dáhùn. Bó bá jẹ́ ẹran tó sì sá lọ, kó máa lọ.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ohun tí Fọlárìn wí fún un.

"Ẹ má súfèé o. Bí ẹnì kan bá dáhùn, àwọn tó máa wo fíìmù náà á mọ̀ pé ẹ ò dá wà."

"Àbúrò mi ń bẹ nínú koríko yẹn."

"Ẹtu ló máa kọ́kọ́ jáde. Gbogbo ayé ló máa mọ̀ yín, Akọni."

Ó gbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Mo ń na koríko lọ. Ó ga jù mí lọ, n kò rí nǹkan kan. Mo dúró, mo tẹ́tí, n kò gbọ́ ìfé. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ṣì jìnnà nìyẹn. Mo rìn díẹ̀, mo tún dúró, mo tún tẹ́tí. Kò sí ìfé. Ẹtu ti gba ẹ̀gbẹ́ mi sá padà, n kò mọ̀. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan. Ìbọn dún.

Itan ló ti bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n mí dé títì, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Oyèníran, dá mi lóhùn! Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn!"

N kò kú, àmọ́ ẹ rí bí mo ṣe ń tiro. Nílé ìwòsàn, Fọlárìn bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun yọ ìró ìbọn yẹn kúrò, kí òun gbé fíìmù náà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí o ò bá ní fi àbúrò mi sí i, má fi èmi náà sí i." Fíìmù náà kò jáde títí dòní.

Ẹ fi sọ́kàn: ẹ má ṣe tìtorí ìyìn parọ́, ẹ má sì pa òfin tó ń ṣọ́ ẹ̀mí tì torí kí àwòrán lè dára. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa irọ́ yín ló lè jìyà rẹ̀.

Ó ti tó ogún ọdún. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá kí mi, kódà ní ọ̀sán gangan, ìta ló ti máa ń súfèé. Bí n kò bá dáhùn, kì í wọlé.