Ohun Tó Dí Oríta Èrúwà

Iná adarí ọkọ̀ ti di àwọ̀ ewé, síbẹ̀ ọkọ̀ ò lọ. Alága ìgbìmọ̀ ìlú dúró gbagidi sábẹ́ iná tó fi ọdún méjì bẹ ìjọba fún.

"Bí ọkọ̀ ò bá já geere títí ọ̀sán," ẹnjiníà tí ìjọba rán wá wí, "ìlú míì la ó gbé iná yìí lọ."

"Àwọn awakọ̀ wa ni ò gbọ́n!" alága fèsì.

Awakọ̀ lọ́rì iwájú bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú alága. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Àkíbù! Ẹ má tún bú mi bíi tàná pé mo kọjá láìkí yín o." Awakọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti ń bọ́ bàtà láti dọ̀bálẹ̀.

Ẹnjiníà wo alága. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá pamọ́ díẹ̀."

Alága ká agbádá mọ́ra, ó lóṣòó sẹ́yìn ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.