Ọ̀rá Ara Jáńgílófà Tuntun

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣọ́. Ẹni tó fà á kì í ṣe èèyàn burúkú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dunni.

1.

Ilé ìwé kan wà tí àwọn irin ìṣeré rẹ̀ ti dípẹtà. Jáńgílófà ibẹ̀ ń ké bí ológbò tí ilẹ̀kùn há nírù. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ti lu, ó ń fa ṣòkòtò wọn ya. Òkúta wẹẹrẹ ló sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àga onítáyà ló fi ń rìn. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà dé ibi ìṣeré yẹn. Ìta ló máa ń wà, tí á máa pariwo fún àwọn tó ń ṣeré. Nítorí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gá ilé ìwé náà kò sinmi nítorí ọmọ yìí. Ó bẹ àwọn òbí, ó bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, títí wọ́n fi ra nǹkan ìṣeré tuntun. Lọ́jọ́ tó dé, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ rọ́bà tó rọ̀ bíi tìmùtìmù sílẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn. Jáńgílófà kan sì fẹ̀ débi pé àga onítáyà lè yí wọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi ìkọ́ há a mọ́lẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ ká bá yín kó àwọn irin àtijọ́ yìí lọ," ni wẹ́dà tó wá rì í mọ́lẹ̀ wí.

"Ẹ kó wọn sẹ́yìn kíláàsì ná. A kì í mọ ohun tí èèyàn á fi wọ́n ṣe lọ́la."

Àṣìṣe kìíní nìyẹn.

2.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ Ọ̀gá dàgbà, àlejò ló ni àwo tó dára jù. Ìyá rẹ̀ á nù ún, á tò ó padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á sì máa fi abọ́ tó ti kán létí jẹun. Báyìí ni ìtọ́jú nǹkan ṣe wọ Ọ̀gá lẹ́jẹ̀. Títí di òní, kò yọ ọ̀rá ara àga pálọ̀ rẹ̀. Bí ooru bá mú, ńṣe ni itan èèyàn á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

Nítorí náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀rá ara nǹkan ìṣeré tuntun náà títí di ọjọ́ tí wọ́n á ṣe ayẹyẹ ṣíṣí i. Ó ta okùn yí i ká. Ẹni ńlá tó fẹ́ wá ṣí i rìnrìn àjò. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un. Àwọn ọmọ bá sọ Ọ̀gá ní Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án.

Láràárọ̀ ni Oníbéèrè ń dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé òní ni?"

"Kò tíì yá, ìyá mi. Ẹ ó gùn ún títí á fi sú yín."

"Kó tó dìgbà yẹn, n ó ti di ìyá ìyàwó!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí, ó kọjá.

Igbákejì rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ọ̀gá, àwọn ọmọ yìí ti ń lọ bá irin àtijọ́ yẹn lẹ́yìn kíláàsì o."

"Ẹ lé wọn. Bí mo bá tú tuntun sílẹ̀, wọ́n á ti họ ọ́ yánnayànna. Kí la ó wá fi han àlejò?"

"Ọ̀gá, àlejò ò ní gun jáńgílófà o!"

"Ẹ ṣáà lé wọn."

3.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ kíláàsì Oníbéèrè gbìmọ̀ pọ̀. Àánú rẹ̀ ló ṣe wọ́n. Wọ́n gbé férémù jáńgílófà àtijọ́ dìde, wọ́n fi ti ògiri, wọ́n sì gbé ọ̀rẹ́ wọn kúrò nínú àga rẹ̀, wọ́n gbé e jókòó sí i.

"Ẹ tì mí! Ẹ tì mí dé òkè!"

Ẹ̀rín rẹ̀ dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá gbọ́ ọ, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àfi gbàgà! Irin ti yọ̀ lára ògiri.

Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà ló wó lù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó wò. Ọwọ́ tó fi ń yí táyà, ṣebí òun ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

4.

Télọ̀ ni ìyá Oníbéèrè. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó sáré dé ilé ìwòsàn. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún mi pé torí ọmọ mi lẹ fi ra nǹkan yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta lẹ wá ń tọ́jú rẹ̀ dè?"

Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ má na àwọn ọ̀rẹ́ mi o. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé mi."

Egungun ọmọ náà jinná, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ẹlòmíràn ló ń tì í kiri báyìí. Àwọn òbí fárígá títí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ kúrò, ó tú okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ya ọ̀rá. Oòrùn ti sè é mọ́ irin. Wẹ́wẹ́ ló ń bọ́. Àwọn ọmọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ wá gùn ún, ẹ̀yin ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó mira. Ọmọ kékeré kan ló bi í pé, "Mà, ṣé àlejò ti dé ni?"

Ọ̀gá jókòó sórí rọ́bà náà, ó sunkún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí tuntun bá dé ni kí ẹ kó àtijọ́ tó léwu kúrò nílẹ̀, kí ọwọ́ ọmọ má bàa tó o mọ́. Ohun tí ẹ rà fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó lò ó, pàápàá ọmọ tí kò ní ibòmíràn tó ti lè ṣeré. Bó bá họ, ẹ kùn ún. Ọ̀dà wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọwọ́ ọmọ. Àwọn àgbà ti wí i: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.