Ẹni Tí Wọ́n Wá Rí

Lẹ́yìn tí olè kó fáìlì méje lọ ní ilé iṣẹ́ ìjọba náà lọ́sàn-án gangan, wọ́n lẹ òfin tuntun mẹ́ta mọ́ ara géètì. Àlejò tí kò bá ní káàdì kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tí àlejò wá rí gbọ́dọ̀ bọwọ́ lùwé. Ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ gba àlejò tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wá rán alábẹ̀wò kan, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, pé kó fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wò ó bóyá wọ́n ń pa òfin náà mọ́.

Ẹ̀ṣọ́ tó máa ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí rẹ̀ sì ti funfun. Káàdì-Dà ni wọ́n ń pè é, nítorí kó tó kí èèyàn ló ti ń béèrè káàdì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti lò lẹ́nu géètì yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó dá ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ padà sídìí mọ́tò pé kó lọ mú káàdì wá. Alábẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ náà mọṣẹ́.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mọ́tò kan já ìyá arúgbó kan sílẹ̀ lódìkejì títì. Ìyá náà rọra sọdá, ó sì di irin géètì mú.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ọmọ mi ni mo wá rí. Ó ń ṣiṣẹ́ níbí."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Káàdì-Dà dáhùn. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ó ń bọ̀."

Kò béèrè káàdì. Ó gbé àga tirẹ̀ fún un lábẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún okùn bàtà ìyá náà dè, lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú ìwé àlejò. Lọ́sàn-án, ó ṣí abọ́ oúnjẹ tó gbé wá láti ilé. Ṣíbí méjì ló wà nínú rẹ̀.

Alábẹ̀wò fa ìwé àlejò náà sọ́dọ̀. Kò sí ojú ewé kan tí ìyá náà kò sí láti oṣù mẹ́jọ. Aago mẹ́wàá ló ń wọlé, aago mẹ́rin ló ń jáde, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ìrọ̀lẹ́ bá gbaṣẹ́. Níbi tó yẹ kí ẹ̀ṣọ́ bọwọ́ lù, Káàdì-Dà bọwọ́ lù ú lójoojúmọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé tó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ní abẹ́ "ẹni tí wọ́n wá rí", ohun tó wà níbẹ̀ kò ju "ọmọ wọn" lọ. Kò sẹ́ni tó bọwọ́ lu ibẹ̀ rí.

"Ta ni ọmọ wọn?"

"Òṣìṣẹ́ ibí ni, Màdáàmù."

"Kí ló dé tí kì í jáde wá kí wọn?"

"Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè. Tó bá ti parí, á mú wọn relé."

Lọ́jọ́ kejì, alábẹ̀wò lọ jókòó ti ìyá náà.

"Màmá, báwo lọmọ yín ṣe rí?"

"Ó ga. Irun orí rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Èmi ni mo lọ ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́."

"Ẹ̀ṣọ́ yìí ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni wọ́n. Ìyá tó bí wọn bímọ ire."

Inú bí alábẹ̀wò sí ọmọ tó fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ sẹ́nu géètì. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń béèrè ẹni tó ni ìyá tó wà ní géètì.

"Gbogbo wa lọmọ, Màdáàmù," ni akọ̀wé kan wí, "ṣùgbọ́n ti màmá yẹn kọ́."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ìyá tèmi ti kú," ló wí. "Ká ní wọ́n wà láyé ni, ṣé n ó jẹ́ kí wọ́n jókòó sí géètì?"

Alábẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ náà ń bo ẹnì kan láṣìírí.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ṣú. Ìyá náà kò tíì jókòó tán tí alábẹ̀wò fi gbé ìwé àlejò síwájú Káàdì-Dà.

"Kí ọmọ wọn wá bọwọ́ lùwé níṣojú mi, tàbí kẹ́ ẹ mú wọn jáde."

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan mú wọn jáde lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí wọ́n rán mi níṣẹ́. Wọn ò mọ ọ̀nà ilé. Ọjọ́ méjì la fi wá wọn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ibi tá a ti rí wọn, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún débẹ̀."

"Ọmọ tí ò lójú àánú ni kẹ́ ẹ bẹ̀, kì í ṣe èmi. Òfin lòfin."

Ìyá náà gbá àpò rẹ̀ mọ́ra. "Ṣé ọmọ mi ò ṣiṣẹ́ níbí mọ́ ni?"

Káàdì-Dà wo òfin kẹta lára géètì, èyí tó ní ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ gba àlejò tirẹ̀.

Ó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó mú bírò, ó sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn bọwọ́ lu ibi tó yẹ kí ọmọ ìyá náà bọwọ́ lù, ìyá náà sì tẹ̀ríba fún un, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá rí ọmọ mi nínú ibẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti dé."