Ikùn Tó Ń Lọ Òkúta

"Inú tèmi yìí, bí mo bá gbé òkúta mì, lúbúlúbú ló máa dà. Mo ti fi ìṣó panu rí, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́."

Bàbá ọmọ ló ń fọ́nnu fún nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin rẹ̀ ti bì títí, ojú rẹ̀ ti jìn bíi kànga, kò lè gbé orí mọ́. Ìyá àna bàbá náà dúró tì wọ́n. Òun ló gbé ọbẹ̀ wá fún bàbá àti ọmọ lọ́sàn-án.

"Ṣé ẹ̀yin náà jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Mo jẹ ẹ́, mo lá àwo. Ọbẹ̀ Màámi kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan."

"Tí ara yín bá wá le báyìí, a jẹ́ pé ọbẹ̀ kọ́. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn eku ni ọmọ gbé mì. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀ o. Tí a bá ṣì í ṣe, ọmọ lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Bàbá wo ọmọ, ó wo ìyá àna rẹ̀, òógùn bò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò.

"Ẹ má wá oògùn eku kiri, nọ́ọ̀sì. Ọbẹ̀ náà ni. Ó ti kan. Mi ò lè sọ ọ́ lójú Màámi, ni mo bá rọra da tèmi sínú àwo ọmọ."

Nọ́ọ̀sì sáré lọ gbé omi tí wọ́n máa fà sí ọmọ lára. Ìyá àna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

"Àna mi," ó ní, "ẹ sún mọ́ mi díẹ̀."

Kí bàtà tí ìyá àna jù tó balẹ̀, bàbá ọmọ ti fo géètì ọsibítù, afẹ́fẹ́ ń sá tẹ̀lé e, kò bá a.