Ẹni Tó Kọjá Mukash Nínú Yìnyín

Ẹnìkan rí Mukash nínú mọ́tò tó rì sínú yìnyín lójú ọ̀nà òkè. Ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì padà sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó lọ. Mukash ti ṣubú níbi tó ti ń ti mọ́tò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò lè rìn. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kú, ó ti gan.

Ní apá Naryn, ilẹ̀ olókè tiwa yìí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù, ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó rì gbọ́dọ̀ gba ẹni inú rẹ̀ là, ì báà jẹ́ ẹni tó pa bàbá rẹ̀.

Estebes, ẹ̀gbọ́n Mukash, ló kọ́kọ́ débẹ̀ láti abúlé ìsàlẹ̀. Ẹṣin ló gùn wá, nítorí mọ́tò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wà lọ́wọ́ Batma, ìyàwó Mukash, tó fi gbé ìyẹ̀fun lọ fún ìyá rẹ̀ ní abúlé òkè. Bàbá Batma ti jẹ́ awakọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Obìnrin náà mọ mọ́tò wà ju ọkọ rẹ̀ lọ, ohun tí Mukash kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ níṣojú òun.

Afẹ́fẹ́ ti gbá ojú ọ̀nà mọ́, àfi abẹ́ àpáta tí mọ́tò Mukash wà. Ipa táyà tín-ínrín kan, irú ti mọ́tò kékeré, wà níbẹ̀, pẹ̀lú ipa bàtà onírun tí gbogbo wa ń wọ̀. Ọkọ̀ náà ti dúró fúngbà díẹ̀ láì pa ẹ́ńjìnnì, èéfín sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì ti sọ yìnyín di dúdú. Ìhà òkè ni dúdú náà wà. Ìyẹn ni pé ìdí ọkọ̀ wà lókè, imú rẹ̀ sì kọjú sí ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn: abúlé òkè ló ti ń bọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì ní mọ́tò kékeré ní abúlé òkè, Jumaly tó ń ran gàárì.

Jumaly búra pé òun kò jáde lọ́jọ́ náà. Estebes bi í pé ṣé yìnyín ló wá ń purọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mu tíì nílé Jumaly mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé gàárì wá fún un. Àwọn tí ọmọkùnrin wọn fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ wá bọ́ yẹtí ìfẹ́sọ́nà tí wọ́n ti fi sí i létí. Inú Estebes kò tíì rọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí ọdún kan Mukash, òun yóò sọ fún àwọn àgbà kí wọ́n lé Jumaly àti ilé rẹ̀ kúrò ní ìlú.

Batma kò sunkún, àwọn obìnrin sì ní ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀ ni. Láti ìgbà tí Mukash ti wà láyé ni eyín méjì kò ti sí níwájú ẹnu rẹ̀. Ó ní màlúù ló ta òun nípàá. Nígbà kan, wọ́n rí i tó ń gbé búrẹ́dì lọ sílé Jumaly.

“Ìyàwó,” ni Estebes wí, “ṣé ilé ẹni tó pa ọkọ rẹ lo ń bọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni.”

Nígbà tí ọdún pé, Estebes àti Batma wọ mọ́tò kékeré náà, wọ́n ń lọ sí abúlé òkè, níbi tí àwọn àgbà ti fẹ́ ṣe ìrántí náà. Yìnyín tuntun ti bọ́. Ní ẹsẹ̀ òkè, táyà ń yí lórí asán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò yọ̀ padà sẹ́yìn. Estebes bú u pé ẹṣin tó ti kú sàn jù ú lọ. Batma ń wo orúnkún ara rẹ̀.

Awakọ̀ lọ́rì kan, ọmọ àfonífojì mìíràn, rí wọn, ó sì dúró.

“Bàbá, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè,” ni ó wí. “Táyà iwájú ló ń fa irú èyí. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn gun òkè, gbogbo ẹrù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

“Ṣé ìdí ni kí n fi kí àwọn àgbà?”

“Ẹ fi ìdí kí wọn, kí ẹ ṣáà débẹ̀.”

Estebes yí i padà. Mọ́tò náà gun òkè bí ewúrẹ́. Lábẹ́ àpáta, ó dúró láti nu gíláàsì, kò pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó nu ti ẹ̀yìn tán, ó wo ilẹ̀. Yìnyín ti dúdú ní ìhà òkè.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan dúdú náà, kó tó padà wọ mọ́tò. Ó fi ẹ̀yìn wa mọ́tò náà dé abúlé òkè.

Wọ́n ti pa àgùntàn, àwọn àgbà ti jókòó, Jumaly sì dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìdájọ́. Estebes ṣí fìlà. Ó ní òun kò mọ yìnyín kà, pé ẹni tó kọjá Mukash fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gòkè lọ ni, kì í ṣe pé ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Òun, arúgbó tó ti hewú, wá kúnlẹ̀ níwájú Jumaly kó lè tọrọ àforíjì.

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe tiyín,” ni Batma wí láti àárín àwọn obìnrin. “Jumaly, níwájú gbogbo ìlú, ẹ dárí jì mí pé mo jẹ́ kí ẹ ru ẹ̀ṣẹ̀ mi fún ọdún kan, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé kí n bẹ Mukash.”