Ìgbín Gbé Iṣẹ́ Sólà fún Onímirí

Àlọ́ mi rọra fà, ó fà títí dé ọ̀dọ̀ Ìgbín, tó fẹ́ gbé sólà ka ìkarahun rẹ̀ kí iná lè wà nílé.

Ẹ̀gà ni oníṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ náà. Ó ní, "Bàbá Ìgbín, ibo lẹ máa ń wà tí oòrùn bá mú?"

Ìgbín pòṣé. "Abẹ́ ewé ni. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ẹni tó mọṣẹ́ kì í béèrè. Máa lọ!"

Alángbá dé, kò béèrè nǹkan kan. Inú Ìgbín dùn, ó bú sórin:

Ṣé wàá lè ṣe é?
*Alángbá mirí.*
Ṣé iná á tàn yòò?
*Alángbá mirí.*

Ló bá gbéṣẹ́ fún un. Alángbá de sólà mọ́ ìkarahun, ó gba owó ẹ̀, ó gun ògiri lọ.

Lábẹ́ ewé, iná kò tàn. Ìgbín fà jáde sínú oòrùn, ìkarahun tẹ̀ lé e. Iná tàn lóòótọ́, àmọ́ ara rẹ̀ ń gbẹ. Ó fà padà, òkùnkùn tún dé. Ni ẹ̀rín ara rẹ̀ bá ń pa á. Ó gbórí sókè sí Alángbá lára ògiri:

Ta ló gọ̀, ṣé èmi ni?
*Alángbá mirí.*

Bí mo bá purọ́, ẹ wo ara ògiri yín: Alángbá ṣì ń dá Ìgbín lóhùn.