Àpò Ṣòkòtò Bàbá Ìbejì

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ ké tantan bí obìnrin olùkọ́-fẹ̀yìntì kan ṣe gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ké sí, àpò ṣòkòtò ọkùnrin náà ni.

“Bàbá Ìbejì, kí ló wà nínú àpò yín?”

“Kọ́kọ́rọ́ ni.”

“Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi?”

Oṣù méjì rèé tí wọ́n ti jọ ń wá owó fàdákà àtijọ́ ní pápá yìí, obìnrin náà nìkan ló sì ń rí. Àṣé ọkọ rẹ̀ náà ń rí, ó kàn ń yọ́ kó o sápò ni!

“Ẹ fẹ̀jẹ̀ sínú, ẹ wá ń tutọ́ funfun sí mi.”

Ó ki ọwọ́ bọ àpò náà, ó fa owó mẹ́ta yọ. Àpá wà lára ọ̀kan, níbi tí ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ha á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló wú u, tó fún ọkọ rẹ̀ kó tọ́jú sílé.

“Dókítà ní kí o máa rìn,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ojú ń tì í. “O ò gbà.”

Obìnrin náà wo orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó dá owó náà padà, ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ bojú.

“Ó yá, ẹ lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà ju ti àná lọ.”